Ilẹ̀kùn Irin fún Orúkọ Jameelah

Muṣin, Èkó
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kejì, ọdún 2024

Jameelah ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni? Ọkọ rẹ ńkọ́? Motúnráyọ̀ ọmọ ọmọ mi ńkọ́, ṣé òtútù ìlú yẹn ò tíì gbé e mì? Èmi wà bí irin. Dókítà kan ní Ìdí-Àràbà ní mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru, mo ní kó lọ tún ẹ̀rọ rẹ̀ wò.

Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ìwé yìí. Jael tó ń fi kọ̀ǹpútà tẹ̀wé ní ṣọ́ọ̀bù tó kángun sí tèmi ló tẹ̀ ẹ́ tó fi ránṣẹ́ sí ọ. Ó ní kí n máa sọ̀rọ̀ sínú fóònù, pé ayé ti kọjá ìwé kíkọ. Mo ní ọ̀rọ̀ inú fóònù, afẹ́fẹ́ ni. Pírámárì fọ́ọ̀ ni mo ti fi iléèwé sílẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ olùkọ́ wà lónìí tí kò lè kọ̀wé bí èmi.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ nìyí. Ní Jímọ̀ tó kọjá, a kírun tán, Bàbá Ayọ̀kànmí tó ń ta táìlì dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Ó ní, "Alájì Onígéètì, ọmọ yín tí ẹ ń pè ní dókítà yìí, wọ́n ní kì í fúnni lábẹ́rẹ́?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ló fi ń wo àwọn tí ìbànújẹ́ ti dè mọ́lẹ̀. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ náà ni ìyàwó mi fi ń gbá mi létí láti àárọ̀. Ṣé òun náà ti di dókítà?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mo rántí ojú ẹni kọ̀ọ̀kan.

Ibẹ̀ ló ti yọ fóònù. Ó ní ọmọ tòun, Ayọ̀kànmí, dókítà gidi tó wà ní Kánádà, ẹni ẹgbẹ̀rún ló ti dárúkọ rẹ̀ nínú ìwé. Ó wá tìrẹ náà wò lórí fóònù. Mọ́kànlélọ́gọ́ta. Ó fi han Lèmọ́mù. Ó fi han ẹni tó ń ta tẹ̀sùbáà. Ó fẹ́ fi han afọ́jú tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, kó tó rántí.

Jameelah, èmi tí orúkọ mi wà lára géètì láti Ìtirè dé Ojúẹlẹ́gba. Kí ló ń jẹ́ mọ́kànlélọ́gọ́ta? Àwọn wo ni? Ṣé o kì í kí èèyàn níbẹ̀ ni?

Èmi ni bàbá rẹ tí wọ́n dójú tì,
Alájì Múrítàlá Ọláyíwọlá, Onígéètì


Birmingham
Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹta, ọdún 2024

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ mo kí yín. Àlàáfíà la wà. Motúnráyọ̀ ti ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé bàbá àgbà òun ló ni gbogbo ilẹ̀kùn tó wà l'Ékòó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lo oògùn yín. Kò sí ohun tó ṣe ẹ̀rọ dókítà.

Bàbá, ọ̀rọ̀ nọ́ńbà yẹn ò le tó bẹ́ẹ̀. Tí a bá wádìí nǹkan níbi iṣẹ́ wa, a máa ń kọ ohun tí a rí jáde kí àwọn onímọ̀ mìíràn lè kà á. Mo ti kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ mẹ́rìnlá. Tí ẹlòmíràn bá wá mú ọ̀rọ̀ mi lò nínú tirẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kọ orúkọ mi sẹ́yìn ìwé náà, kí wọ́n lè mọ ibi tó ti rí i. Ìyẹn ni wọ́n ń kà. Ó dà bí ìgbà tí wẹ́dà kan ní Agége ṣe géètì, tó sì sọ fún onílé pé, "Ọ̀dọ̀ Alájì Múrítàlá ní Muṣin ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń jó hínjì yìí."

Ayọ̀kànmí àti ogójì èèyàn ló jọ kọ ìwé kan ṣoṣo, tí gbogbo wọn sì jọ ń pín iyì rẹ̀. Èyí tí èmi fẹ́ràn jù nínú tèmi, tó dá lórí àwọn ọmọ tí òbí wọn kú tí wọn ò jẹ́ kí wọ́n sunkún, ẹni mẹ́ta péré ló tọ́ka sí i. Bí iṣẹ́ wa ṣe rí nìyẹn.

Ní oṣù kọkànlá, ìgbìmọ̀ kan máa jókòó láti mọ̀ bóyá kí wọ́n sọ mí di ọ̀jọ̀gbọ́n. Wọ́n á wo nọ́ńbà yẹn, wọ́n á sì wo àwọn nǹkan mìíràn. Ẹ má da ara yín láàmú.

Ọmọ yín,
Jameelah


Muṣin, Èkó
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹta, ọdún 2024

Jameelah ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lẹ wà? Mo ka ìwé rẹ lẹ́ẹ̀mejì, Jael tún kà á fún mi lẹ́ẹ̀kan, bóyá ojú mi ni.

Wẹ́dà Agége wo ló máa sọ bẹ́ẹ̀? Ta ni bàbá rẹ̀? Irun orí mi dúdú nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, mi ò tíì rí i. Wẹ́dà tó bá jí iṣẹ́ mi wò, orúkọ ara rẹ̀ ni yóò jó mọ́ ọn. Ìdí nìyẹn tí èmi kì í fi dúró de ẹnikẹ́ni. Géètì ò ní kúrò ní ṣọ́ọ̀bù mi kó má ní pátákó irin kékeré lára: ALÁJÌ MÚRÍTÀLÁ ONÍGÉÈTÌ, MUṢIN, IṢẸ́ DÁJÚ, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù mi. Kódà èyí tó jẹ́ pé hínjì rẹ̀ nìkan ni mo tún ṣe, mo máa ń jó o mọ́ ọn. Géètì wà tó jẹ́ pé ọ̀dà lásán ni mo kùn ún. Onílé ò bínú, ó rò pé èmi ni mo ṣe é. Tó bá ti tó ọdún mélòó kan, èmi náà á rò bẹ́ẹ̀.

Ìwọ wá ṣe iṣẹ́ mẹ́rìnlá, o ò jó orúkọ mọ́ ibì kankan, o jókòó, ò ń retí kí òyìnbó rántí rẹ. Ìwé pọ̀ lórí rẹ, ọgbọ́n ọjà ni kò sí níbẹ̀. Ìyá rẹ náà, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, bó ṣe rí nìyẹn.

Jael sọ ọ̀rọ̀ kan tó dùn mọ́ mi. Ó ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Yábàá dé Ìdí-Àràbà ló ń gbé ìwé tí wọ́n fi ń jáde iléèwé wá kí òun bá wọn tẹ̀ ẹ́, àti pé iléèwé wọn á tún gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ilẹ̀kùn onígi ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní. Olè ti wọlé jí kọ̀ǹpútà rẹ̀ rí.

Mo ti gbọ́ ibi tí wọ́n ń kọ orúkọ sí: ẹ̀yìn ìwé. Mo ti gbọ́ oṣù tí ìgbìmọ̀ máa jókòó. Fi ìyókù sílẹ̀ fún bàbá rẹ, má sì bi mí ní ìbéèrè.

Alájì Múrítàlá Ọláyíwọlá, Onígéètì


Birmingham
Ọgbọ̀n ọjọ́, oṣù kẹfà, ọdún 2024

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo tún yín kí. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ èyí. Ìwé àwọn ọmọ tí òbí wọn kú yẹn, tí ẹni mẹ́ta péré tọ́ka sí, ti di àádọ́rin. Láti Èkó ni gbogbo wọn ti ń wá. Mi ò tíì ráyè ṣí ìkankan nínú wọn, nọ́ńbà ni mo kàn ń rí tó ń gòkè lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bàbá, àwọn ará ilé ń ka iṣẹ́ mi. Mo jókòó sí kíṣìnnì, mo sunkún. Motúnráyọ̀ ní, "Mọ́mì, kí ló ṣe yín?" Mo ní àwọn ará Èkó ti mọ̀ mí.

Mo ti sọ fún ọ̀gá mi. Mo sì ti kọ ọ́ sínú ìwé tí mo fi béèrè fún ipò ọ̀jọ̀gbọ́n, pé iṣẹ́ mi ti ń ran àwọn èèyàn lọ́wọ́ ní ìlú mi. Òun ni mo fi ṣáájú gbogbo ohun tí mo kọ.

Ẹ ò tíì kọ̀wé láti oṣù kẹta. Jael ní iṣẹ́ ló pọ̀ lọ́wọ́ yín, pé ilẹ̀kùn irin lẹ ń ṣe ní àṣekúdórógbó. Ta ló ń ra ilẹ̀kùn tó bẹ́ẹ̀?

Ọmọ yín tí inú rẹ̀ dùn,
Jameelah


Muṣin, Èkó
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù keje, ọdún 2024

Jameelah ọmọ mi,

Mo ní kí o má bi mí ní ìbéèrè, o tún ń béèrè. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe níbẹ̀?

Mo ti gbé pátákó dúdú kan síwájú ṣọ́ọ̀bù. Ní gbogbo ọjọ́ Ajé ni Jael ń fi ẹfun kọ nọ́ńbà rẹ sí i. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ Máruwá ń dín eré kù láti wò ó. Wọ́n rò pé iye géètì tí mo tà ni. Mi ò bá wọn jiyàn.

Bàbá Ayọ̀kànmí ti ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn lọ sí mọ́ṣáláṣí. Ó rán èèyàn sí mi pé kí n sọ ohun tí ọmọ mi lò fún òun, kí ọmọ tòun náà lò ó. Mo ní kó lọ gba abẹ́rẹ́.

Wọn ìbú ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ fún mi. Mo ti ń rọ pátákó Ọ̀jọ̀gbọ́n Jameelah, mi ò fẹ́ kó tóbi ju ilẹ̀kùn lọ.

Bàbá rẹ, Onígéètì


Birmingham
Ọjọ́ kejì, oṣù kẹwàá, ọdún 2024

Bàbá,

Mo kí yín.

Lánàá ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Jeffrey, olórí ìgbìmọ̀ tó ń wo ọ̀rọ̀ mi, pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ó tẹ́ àwọn ìwé tó tọ́ka sí mi sórí tábìlì. Ọ̀kan dá lórí bí wọ́n ṣe ń sin ẹja àrọ̀. Ọ̀kan dá lórí búlọ́ọ̀kù tí wọ́n fi èèpo ẹ̀gẹ́ pò. Ọ̀kan dá lórí owó orí, ọ̀kan lórí bí ẹ̀rọ amúlétutù ṣe ń bàjẹ́. Kò sí ọmọ kankan tí òbí rẹ̀ kú nínú wọn, àfi tó bá jẹ́ ti ẹja. Àmọ́ báyìí ni orúkọ mi ṣe wà lẹ́yìn gbogbo wọn:

DÓKÍTÀ JAMEELAH, ỌMỌ ALÁJÌ MÚRÍTÀLÁ ONÍGÉÈTÌ, MUṢIN, IṢẸ́ DÁJÚ.

Orúkọ ìwé àwọn ọmọ náà tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà nọ́ńbà fóònù yín. Ọ̀jọ̀gbọ́n Jeffrey pè é. Ó ní bàbá kan gbé e, ó bi òun bóyá irin tó nípọn lòun fẹ́ àbí fẹ́lẹ́, ó sì ní kí òun fi àsansílẹ̀ ránṣẹ́.

Mo pe Jael, ó jẹ́wọ́. Ilẹ̀kùn irin kan fún ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kan, kí wọ́n lè máa fi orúkọ mi sẹ́yìn ìwé gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wọlé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ò tilẹ̀ mọ̀.

Bàbá, olè ni wọ́n ń pe ẹni tó bá ṣe irú èyí níbí, wọ́n sì rò pé èmi ni mo rán yín. Èmi tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ sínú ìwé ìbéèrè mi. Ohun kan ló lè gbà mí. Ẹ kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ náà, ẹ fọwọ́ sí i, pé ẹ̀yin lẹ ṣe é, pé kò dára, pé mi ò mọ̀. Kó dé kí oṣù yìí tó parí. Bí kò bá dé, ká má tilẹ̀ sọ ti ọ̀jọ̀gbọ́n, iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ti lọ nìyẹn, ìwé ìgbélùú wa sì máa bá a lọ.

Jameelah


Muṣin, Èkó
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹwàá, ọdún 2024

Jameelah,

Mo rí ìwé rẹ. O ò bi mí bóyá mo jí ire.

Láti ọjọ́ tí mo ti dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, mi ò kọ ọ́ sínú ìwé rí pé mo jẹ̀bi. Géètì kan wó lu mọ́tò ọ̀gá ọlọ́pàá ní Sùúrùlérè, mo ní mọ́tò náà ni kò dúró dáadáa. Ó gbà. Ìwọ wá ní kí Alájì Múrítàlá kọ̀wé sí òyìnbó pé òun jalè? Jael ni yóò tẹ̀ ẹ́, Jael sì ní ẹnu. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, Bàbá Ayọ̀kànmí á ti máa kà á fún àwọn tó ń ra táìlì.

Nǹkan ta ni mo jí? Orúkọ ọmọ mi ni mo kọ. Ìwọ fúnra rẹ lo ní wọ́n ń kà á. Mo ní kí wọ́n rí nǹkan kà. Tí wọ́n bá ń ka nǹkan tí wọn ò wo inú rẹ̀, ṣé èmi ni mo fọ́ wọn lójú?

Sọ fún Jeffrey pé mo ṣì ń retí àsansílẹ̀.

Alájì Múrítàlá Ọláyíwọlá


Birmingham
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kẹwàá, ọdún 2024

Bàbá mi,

Ṣé ẹ jí ire? Mo ti gbọ́ ohun tí ẹ sọ, mi ò ní bẹ̀ yín mọ́.

Ìwé tí ẹ ní kí gbogbo ayé dárúkọ yẹn, ẹ ò béèrè rí ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí Jael kà á fún yín ní Yorùbá. Ilé kan wà níbẹ̀, ní Muṣin. Ìyá kú nínú ilé náà, bàbá sì ní kí àwọn ọmọ má sunkún, nítorí pé àwọn oníbàárà ń wọlé. Mi ò kọ orúkọ ilé náà síbẹ̀. Mi ò jó pátákó mọ́ ọn.

Motúnráyọ̀ ń kí yín.

Jameelah


Muṣin, Èkó
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹwàá, ọdún 2024

Sí Ọ̀jọ̀gbọ́n Jeffrey àti gbogbo ìgbìmọ̀ rẹ̀,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú òtútù. Èmi Alájì Múrítàlá Ọláyíwọlá, Onígéètì, ni mo kọ ìwé yìí. Jael ló yí i sí èdè yín. Tí gírámà rẹ̀ bá wọ́, tirẹ̀ ni.

Mo gbọ́ pé ẹ ní ọmọ mi ló ṣe iṣẹ́ orúkọ yìí. Ọ̀rọ̀ náà bí mi nínú. Jameelah ò lè ṣe é. Kò ní ọgbọ́n rẹ̀. Láti kékeré ló ti jẹ́ olóòótọ́ èèyàn, a ṣe é títí, kò yí padà. Mo ní kó dúró ti hínjì ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan, oníbàárà ti fẹ́ mú un lọ, ọmọ náà ní fún un pé, "Bàbá, ẹ yí i wò, abẹ́ rẹ̀ ti dógùn-ún." Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ rò pé ó lè kó gbogbo ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé láti Yábàá dé Ìdí-Àràbà sápò? Ẹ bu iyì kún un ju bó ṣe yẹ lọ.

Èmi ni. Èmi ni mo rò ó, èmi ni mo rọ ilẹ̀kùn, èmi ni mo gbé e kọ́. Kò sí èyí tó ń mì nínú wọn, ẹ rán èèyàn wá tì wọ́n wò. Ohun tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ń fi gbogbo ayé wọn wá, mo ṣe é láàárín ìgbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ sí ìgbà tó dá, pẹ̀lú pírámárì fọ́ọ̀.

Wọ́n ní kí n kọ ọ́ pé kò dára. Kò dára. Mo ti kọ ọ́, ẹ má jẹ́ kí n tún un kọ.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè. Nígbà tí nọ́ńbà náà ń gòkè tí ẹ ń yọ̀, ta ló ṣí ìwé wò nínú yín? Ní Muṣin níbí, ẹni tó fẹ́ ra géètì á fọwọ́ gbá a, á tì í, á fà á, á gbé etí lé e. Kò ní ka pátákó lásán kó sanwó. Ẹ̀yin, pátákó lẹ kà. Ibẹ̀ ni mo ti rí yín mú. Èmi náà ò ṣí ìwé náà, mo sì ní ìdí tèmi tí kò kàn yín.

Ọmọ náà ò mọ̀. Mo fọwọ́ sí i, mo sì tún tẹ àtàǹpàkò sí i, nítorí ẹnikẹ́ni lè fọwọ́ sí ìwé.

Alájì Múrítàlá Ọláyíwọlá
Nọ́ńbà fóònù mi wà lọ́wọ́ yín


Birmingham
Ogúnjọ́, oṣù kìíní, ọdún 2025

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀, orúnkún mi méjèèjì wà nílẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Jeffrey ka ìwé yín sókè fún ìgbìmọ̀. Ó dé ibi hínjì tó dógùn-ún, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nu ojú, ó ní òun ò ní ìbéèrè kankan láti bi mí mọ́. Iṣẹ́ mi wà níbẹ̀. Wọ́n yọ ẹja àrọ̀ àti búlọ́ọ̀kù kúrò, ìwé àwọn ọmọ náà padà sí ẹni mẹ́ta. Wọn ò fi mí ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n. Wọ́n ní nọ́ńbà mi kéré.

Ó ku ohun kan. Ọ̀jọ̀gbọ́n Jeffrey fẹ́ tẹ ìwé yín jáde, gbogbo rẹ̀, ní orúkọ yín, níbi tí àwọn onímọ̀ ti ń jiyàn lórí bí wọ́n ṣe ń ka orúkọ ara wọn. Ó ní kí n tọrọ àyè lọ́wọ́ yín. Tí ẹ bá kọ̀, kò burú.

Jameelah


Muṣin, Èkó
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kejì, ọdún 2026

Jameelah ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Motúnráyọ̀ ńkọ́? Mò ń lo oògùn. Ẹ̀rọ dókítà yẹn ti wá ń sọ òótọ́.

Ìwé tí mo fún Jeffrey láyè láti tẹ̀ lọ́dún tó kọjá, Jael wò ó lánàá. Igba ó lé mẹ́rìnlá ló ti tọ́ka sí i. Jámánì wà níbẹ̀, Bràsíìlì wà níbẹ̀, ẹnìkan wà ní Jàpáánì. Mi ò ṣe ilẹ̀kùn fún ìkankan nínú wọn. Ọ̀kan pè mí, mo bi í bóyá géètì alápá méjì ló fẹ́, ó ní òun kàn fẹ́ gbọ́ ohùn mi ni. Iṣẹ́ ò pọ̀ lọ́wọ́ àwọn èèyàn yín.

Ìwọ, pẹ̀lú ìwé mẹ́rìnlá, o ò tíì pé ọgọ́rin. Má jẹ́ kó dùn ọ́. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló mọ̀wé kọ.

Bàbá Ayọ̀kànmí ń pè mí ní Ọ̀jọ̀gbọ́n lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Ó rò pé òun ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mò ń dá a lóhùn.

Jeffrey ní kí n tún kọ òmíràn, mo ti kọ ọ́, á jáde lóṣù tó ń bọ̀. Kí n tó kọ ọ́, mo ní kí Jael ka ìwé rẹ fún mi, èyí tí ilé Muṣin wà nínú rẹ̀. Àárọ̀ ló bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó kà á tán, mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Àwọn oníbàárà kànkùn, wọ́n tún kàn án, wọ́n lọ.

Nínú ìwé tuntun náà, mo kọ ọ́ pé ọmọ kan wà tó ń jẹ́ Jameelah Ọláyíwọlá, tó wádìí ohun tó ń ṣe ọmọ tí ìyá rẹ̀ kú tí wọn ò jẹ́ kó sunkún. Mo ní òótọ́ ni ohun tó rí, mo mọ ilé náà. Jael fi orúkọ rẹ sẹ́yìn bó ṣe yẹ kó wà, Ọláyíwọlá, J., kò sí nọ́ńbà fóònù níbẹ̀.

Ẹni kẹrin nìyẹn lórí ìwé yẹn. Òun ṣí i wò.

Bàbá rẹ,
Ọláyíwọlá, M.